Òórùn Ilé Tuntun: Ibi Tó Ti Ń Wá àti Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé, tí èèyàn wọlé tí imú rẹ̀ ta, ohun tí kálukú máa ń sọ ni pé, "Òórùn ọ̀dà ni, yóò lọ." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òórùn mẹ́fà tàbí méje lè wà nínú ilé tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, bọ́ọ̀dù kọ́bọ́ọ̀dù, oògùn ikán tí wọ́n fi kun igi òrùlé, ògiri tí kò tíì gbẹ, páìpù balùwẹ̀. Òmíràn á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn á lo ọdún méjì, òmíràn kò sì ní lọ àfi tí ẹ bá tún nǹkan kan ṣe. Ìdí nìyí tí fèrèsé ṣíṣí nìkan fi ń tó fún ẹnì kan, tí kì í sì í tó fún aládùúgbò rẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń rùn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n

Òórùn kì í pẹ́ mọ́ imú lára. Ẹni tó ti wà nínú ilé láti àárọ̀ lè búra pé kò sí òórùn kankan mọ́, kí àlejò tó ń wọlé bọ̀ sì máa sín. Nítorí náà, ẹ ti fèrèsé, ilẹ̀kùn yàrá àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pa lálẹ́ ọjọ́ kan. Láàárọ̀, ẹ dúró níta fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí imú lè sinmi, kí ẹ tó wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ gbé imú sún mọ́ ògiri. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ ti orí bọ inú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ihò omi tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti mú páànù gbóná, kí ẹ dúró lábẹ́ iná àjà.

Bó bá ń ta ojú àti ọ̀fun, tó sì pọ̀ jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ni. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, òrùlé ni. Bó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òjò, ọ̀rinrin ni. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ lọ wo páìpù kí ẹ tó bá akunlé jà.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ wá ìgò onídèérí mẹ́ta tí ẹ ti fọ̀ tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ fi ègé bọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ káfíńtà sínú ọ̀kan, ègé rọ́ọ̀gì rọ́bà sínú èkejì, ègé igi òrùlé sínú ẹ̀kẹta. Ẹ dé wọn, ẹ gbé wọn sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ wá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jọ òórùn inú ilé yín ni ẹ ń wá.

Ọ̀dà

Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi là, ìyẹn emulsion, kì í pẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé tó ń jáde, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó. Ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń pò ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wa, amóníà wà níbẹ̀, fọ́málìn wà níbẹ̀ kí ọ̀dà má bàa tètè bàjẹ́ nínú ike, kẹrosíìnì díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ láti pa ìfófòó. Òórùn tó ń ta imú ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ti amóníà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọ̀dà olóróró, ìyẹn gloss, ló ń pẹ́. Tápẹ́ǹtáìnì inú rẹ̀ á fò lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń mú ọ̀dà náà le, bó sì ti ń le ló ń tú òórùn mìíràn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí akunlé bá kun ún nípọn lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù, òórùn á sì wà níbẹ̀ fún oṣù. Ìkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, tí ẹ fi odindi ọjọ́ kan sí àárín wọn, dára ju ìkùn nínípọn kan lọ. Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń là á dípò tápẹ́ǹtáìnì tún máa ń dá kún un, nítorí kò yára fò. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ ojú ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí àmì rẹ̀ hàn, ọ̀dà náà kò tíì gbẹ dénú nìyẹn.

Oríṣi kan wà tí àkókò kò lè wò sàn: ọ̀dà tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó kùn ún. Bí wọ́n bá fi omi kànga tó dọ̀tí la emulsion, tí wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò á wọ inú rẹ̀, á sì máa rùn kíkan. Àwọn kan á da lọ́fínńdà sí i, wọ́n á sì kùn ún lọ. Lọ́fínńdà á lọ, òórùn á kù, gbogbo ìgbà tí òjò bá sì rọ̀ ni yóò máa jí. Ẹ gbóòórùn ọ̀dà nínú ike kó tó kan ògiri. Bó bá ti wà lára ògiri, ẹ ha á kúrò, tàbí kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi shellac ṣe (oje kan tó ń gbẹ di awọ tí òórùn kì í gbà kọjá) kùn ún pa kí ẹ tó fi ọ̀dà tuntun lé e.

Ẹ má sì fi òórùn díwọ̀n ewu. Òjé tó wà nínú àwọn ọ̀dà kan kì í rùn rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Bọ́ọ̀dù: èyí tó pẹ́ jù, tó sì léwu jù

MDF, HDF àti particle board ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àti ti ilé ìdáná lónìí. Lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ pọ̀. Inú gọ́ọ̀mù yẹn ni formaldehyde wà. Ọmọ ìyá fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì ni. Fọ́málìn kò ju formaldehyde tí wọ́n pò mọ́ omi lọ. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń tú gọ́ọ̀mù náà, tí formaldehyde fi ń jáde bí atẹ́gùn. Nítorí náà ni kọ́bọ́ọ̀dù tí kò rùn nígbà ọyẹ́ fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní oṣù Okúdù. Oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ jù, á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀ dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju 0.1 mílígíráàmù lọ nínú kúbíkì mítà afẹ́fẹ́ kan, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn láti 2004. Kì í ṣe pé kọ́bọ́ọ̀dù kan yóò pa èèyàn o. Ohun tó ń fa wàhálà ni kí bọ́ọ̀dù pọ̀ nínú àyè kékeré tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn tí ilé wọn wó sínú ilé alágbèéká tí wọ́n fi irú bọ́ọ̀dù báyìí ṣe. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ inú 519 nínú wọn ní ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, àárín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ yẹn. Nígbà òtútù nìyẹn o, kì í ṣe ìgbà ooru.

Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tuntun kan dáadáa. Ojú rẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi ike fẹ́lẹ́ bò ó; etí tó kọjú sí yín, káfíńtà ti fi tépù lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn pẹpẹ, abẹ́ dúrọ́à, ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri, inú ihò súkúrù àti ibi tí wọ́n kan ìdè ilẹ̀kùn mọ́. Gbogbo ibẹ̀ ló ṣì wà níhòòhò, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn náà ti ń jáde.

Bí ẹ ṣe máa dí i nìyí. Ẹ yọ dúrọ́à àti pẹpẹ jáde, ẹ fi sáńpépà 180 pa etí wọn fẹ́rẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ fi shellac tàbí fáníṣì polyurethane olómi kun gbogbo ibi tó wà níhòòhò. Etí bọ́ọ̀dù máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu omi, torí náà ìkùn àkọ́kọ́ á rì wọlé pátápátá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ pa á fẹ́rẹ́, kí ẹ tún kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ojú tó fẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tó fún un. Ẹ fi sílíkọ́nì dí ihò súkúrù. Ẹ ṣọ́ra fún lákà tí wọ́n ń po ásíìdì mọ́ kó lè tètè gbẹ: òun fúnra rẹ̀ ń tú formaldehyde jáde, a jẹ́ pé ẹ lé ejò, ẹ gba paramọ́lẹ̀ sílé.

Títí òórùn á fi rọ, ẹ fi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ má kó aṣọ ọmọ ìkókó sínú rẹ̀, nítorí aṣọ máa ń fa formaldehyde mọ́ra, awọ ara ọmọ ló sì máa fi gbà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì ra bọ́ọ̀dù, ẹ béèrè èyí tí wọ́n tẹ E1, E0 tàbí CARB P2 sí lára, ìyẹn àwọn òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé formaldehyde tó ń jáde lára rẹ̀ kò pọ̀. Formaldehyde tó ń jáde lára MDF tó bá jẹ́ CARB P2 kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 0.11 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá dán an wò. Ẹ wo òǹtẹ̀ náà lára bọ́ọ̀dù fúnra yín, ẹnu olùtà kò tó. Gọ́ọ̀mù inú marine board gidi yàtọ̀, ọ̀rinrin kì í tú u bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ sì kéré púpọ̀.

Ilẹ̀ àti gọ́ọ̀mù

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ rọ́ọ̀gì máa ń rùn burúkú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó tètè lọ. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi pa, wọ́n á sì dúró títí tí kò fi ní fà mọ́ ìka mọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á lẹ̀ ẹ́ ní tútù. Òórùn náà á há sábẹ́ rọ́ọ̀gì, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, rọ́ọ̀gì á sì wú. Lásìkò iṣẹ́ yìí, ẹ má tan iná, ẹ má sì mu sìgá nítòsí.

Èyí tó ń dààmú èèyàn jù ni rọ́ọ̀gì rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Omi inú sìmẹ́ńtì tuntun le bí ọṣẹ dúdú tí kò jinná. Bó bá kan rọ́bà àti gọ́ọ̀mù, ó máa ń fọ́ ohun tí wọ́n fi mú rọ́bà rọ̀, òórùn kan tó wúwo tó sì dùn díẹ̀ á wá máa jáde, tí kò ní lọ. Ìṣirò tí àwọn bíríkìlà gidi ń lò ni pé mílímítà kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń gba ọjọ́ kan láti gbẹ. Ilẹ̀ tó nípọn tó mílímítà 50 nílò bí àádọ́ta ọjọ́, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò. Ẹ dán an wò: ẹ gé ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere ní sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú àti lóòró, ẹ fi tépù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìndínlógún ó kéré tán. Bí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ẹ ní sùúrù. Bó bá ti di pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, tó sì ń rùn, ẹ ká a kúrò, ẹ ha gọ́ọ̀mù, kí ilẹ̀ gbẹ. Títún un lẹ̀ padà sórí omi náà kò wúlò.

Ògiri náà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kun ògiri kó tó gbẹ, á máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tó ṣì tutù, ọ̀dà á sì máa ṣí. Ẹ wo abẹ́ fèrèsé àti ẹsẹ̀ ògiri kí ẹ tó tún kùn ún.

Òrùlé

Oògùn ikán bíi Solignum ń rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káfíńtà òrùlé ń lo ọ́ìlì mọ́tò tó ti jó tí wọ́n fi dísù là, ìyẹn sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nítorí dísù kì í yára fò. Bí páànù bá gbóná, òórùn náà á gba ojú ihò iná àjà wọ yàrá. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní, ẹ dí ihò àyíká iná pẹ̀lú POP tàbí sílíkọ́nì. Èkejì, ẹ ṣí ojú atẹ́gùn sí òrùlé, ní apá tó kọjú síra. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò ni pé kí àpapọ̀ ojú ihò jẹ́ ìdá kan nínú 150 fífẹ̀ àjà: àjà tó fẹ̀ ní mítà 150 lóròó-òun-ìbú (square metre) yóò ní ojú ihò tó tó square metre kan. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí àdán má wọlé, ẹ sì jẹ́ kó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí nẹ́ẹ̀tì ń gba àyè atẹ́gùn.

Òórùn méjì tí kì í ṣe ti ohun ìkọ́lé

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ láti balùwẹ̀, páìpù ni. Lábẹ́ ihò ilẹ̀, páìpù kan tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ kí omi lè máa dúró nínú rẹ̀, kó sì dí ọ̀nà atẹ́gùn sọ́kàwéè. Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé, omi yẹn á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ da omi lítà méjì sí i. Bí òórùn bá lọ, ìyẹn náà ni. Ẹ da síbí òróró ẹ̀pà kan lé omi náà kó má tètè gbẹ. Bó bá padà ní ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí páìpù atẹ́gùn má sí, tàbí kó jẹ́ pé pọ́ńbà fi ẹnu rẹ̀ parí sínú àjà dípò kó yọ ọ́ sókè òrùlé.

Òórùn ẹja tàbí ti ìtọ̀ lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ṣeré rárá. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná ló ń rùn bẹ́ẹ̀, nítorí súkúrù tí wọ́n fi de wáyà kò le. Ẹ pa iná apá ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe rẹwáyà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́

Atẹ́gùn tuntun ni. Ẹ ṣí fèrèsé tó kọjú síra, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àárín, ẹ gbọn eruku nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé fáànù sójú fèrèsé yàrá tó ń rùn, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ìta: kó máa tú òórùn síta, kì í ṣe kó máa fẹ́ ẹ lọ sí yàrá kejì. AC kò ṣe iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ inú ilé kan náà ló ń fà tó sì ń mú tutù. Ẹni tó bá ti fèrèsé pa nítorí AC ti há òórùn mọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè fi oòrùn ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sí nínú ilé. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àti dúrọ́à, ẹ ti fèrèsé pa láti aago mọ́kànlá sí mẹ́rin kí ilé gbóná, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fáànù di alẹ́. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ó ń mú òórùn ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù yá dáadáa. Ti bọ́ọ̀dù, díẹ̀ ló ń ṣe, ẹ má retí púpọ̀. Kí ẹ tó kó mátírẹ́ẹ̀sì àti kọ́tìnì wọlé, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù àti ojú fèrèsé, nítorí òórùn ń gbé inú eruku iṣẹ́ yẹn.

Tùràrí àti fínfín ilé kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni. Àlùbọ́sà gígé àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èédú ìdáná ń fa díẹ̀, kì í sì í pẹ́ kún. Ẹ̀rọ tó ń tú atẹ́gùn ozone máa ń bá òórùn mìíràn pò, tí á sì tún bí formaldehyde. Ní ti òdòdó inú ìkòkò, ìwádìí NASA (àjọ òfurufú Amẹ́ríkà) ti 1989 tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, inú àpótí kékeré tí wọ́n dí pa ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Drexel ṣírò rẹ̀ fún ilé gidi: yóò tó òdòdó mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún kan nínú mítà kan lóròó-òun-ìbú (square metre) kí ó tó dọ́gba pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí.

Kánfọ̀ ló burú jù nínú gbogbo wọn. Àwọn ẹyọ funfun tí a ń jù sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, naphthalene ni, ó sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, aṣọ tí wọ́n fi kánfọ̀ tọ́jú sì ti fa ibà pọ́njú tó ń ba ọpọlọ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà.

Bí aláboyún, ọmọ ìkókó tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nínú ìdílé, yàrá tiwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kùn, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀dà olóróró. Bí ojú bá ń ta ẹnì kan, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí àyà ń há a nínú yàrá kan, tí ara rẹ̀ sì ń yá bó bá ti jáde, kó kúrò nínú yàrá náà, kó sì rí dókítà. Ní ti káfíńtà, ẹ bá a ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀: sọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kó ti gé bọ́ọ̀dù, kó kun gbogbo etí àti ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀, kó sì tò wọ́n ní òró lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú àyè láàárín wọn, fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá kàn wọ́n.